iPhone 11 tòkunbọ̀: ohun tó dára níbẹ̀, ohun tó kù díẹ̀ káàtó, àti bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó

Títún fóònù ṣe ni iṣẹ́ mi ní Panṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta, èmi kì í ta fóònù. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé bóyá ẹ ra iPhone 11 tàbí ẹ kò rà á, kò bù kún àpò mi. Bí ẹ bá rà á tó bàjẹ́, ẹ máa gbé e wá. Bí ẹ bá ra òmíràn tó bàjẹ́, ẹ ṣì máa gbé e wá. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnì kan má dúró síwájú tábìlì mi kó ní, "Ẹnjiníà, mo fẹ́ ra iPhone 11, ṣé ó dára?" Ohun tí mo máa ń dá wọn lóhùn ni pé: ó dára fún ta ni? Èwo nínú wọn sì ni?

Ìbéèrè méjì ni mo bi yẹn o. Ti àkọ́kọ́ dá lórí iPhone 11 bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nínú páálí rẹ̀. Èkejì dá lórí ẹyọ kan ṣoṣo tí ọlọ́jà gbé lé yín lọ́wọ́, tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ ti jókòó lé, tó ti jù sílẹ̀, tó ti fi sábẹ́ ìrọ̀rí gba iná mọ́jú kó tó dé Abẹ́òkúta. Àwọn ènìyàn á wo fídíò lórí àkọ́kọ́ títí ojú á fi máa ro wọ́n, wọn ò ní béèrè èkejì rárá.

Ta ló fẹ́ rà á?

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wá bá mi. Ó ní àwọn oníbàárà òun ní Èkó àti lókè òkun ń ráhùn pé aṣọ tó tẹ àwọn lọ́wọ́ kò jọ èyí tí àwọn rí nínú fọ́tò. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Aṣọ tó mu aró dáadáa, kámẹ́rà tí kò dáa á sọ ọ́ di dúdú kirikiri, tàbí kó sọ ọ́ di èsè àlùkò. Mo ní, "Ìyá, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ ra fóònù, ẹ mú aṣọ méjì dání: aláró kan, kàmpálà aláràbarà kan. Ẹ yà wọ́n níta lábẹ́ òjìji, ẹ tún yà wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ gílóòbù. Kí ẹ wá gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó." Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà ló ń mú owó wọlé. Bí bátìrì bá tilẹ̀ kéré, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibi tó lè kì í sí.

Ọlọ́kadà tó wà lórí ọ̀nà láti Kútọ̀ dé Ọbáńtókò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, tó fi SIM kan gba ìpè, tó fi èkejì gba owó, èmi kì í jẹ́ kó rà á. Fújà rẹ̀ kò tó wàhálà rẹ̀. Ọmọ yunifásítì FUNAAB tó fẹ́ kó ìwé, fíìmù àti géèmù sínú rẹ̀ lè rà á, bó bá jẹ́ 128GB. Bàbá kan ní Aṣẹ́rò wà tí ọmọ rẹ̀ ní Kánádà ní kó ra iPhone kí àwọn lè máa fojú rí ara wọn. Mo sọ fún bàbá pé WhatsApp ń ṣe ìyẹn lórí Android tó wà lọ́wọ́ wọn. Inú ọmọ kò dùn sí mi.

Ohun tó dára níbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kámẹ́rà. Méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, megapixel 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti iwájú náà sì jẹ́ 12. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta fóònù megapixel 50 fi nọ́ńbà dẹ́rù bà yín, nọ́ńbà kọ́ ló ń ya fọ́tò. Èyí tí wọ́n kọ 1 sí nínú app kámẹ́rà ni ọ̀gá níbẹ̀. Ó máa ń mú àwọ̀ ara wa bó ṣe rí, kì í bó ènìyàn. Ó ń gba fídíò 4K, fídíò náà kì í gbọ̀n jìnnìjìnnì bí ẹ bá ń rìn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Night mode á tan fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 0.5 sí, tó máa ń fẹ àwòrán lójú, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀: kò ní Night mode, kò sì ṣeé fi sún mọ́ nǹkan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ya ọnà ara aṣọ. Kámẹ́rà iwájú náà kò ní Night mode, kí ẹ̀yin tí ẹ ń ya ara yín lóru òde àríyá mọ̀.

Ọpọlọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní A13, ti wà láti oṣù Kẹsàn-án 2019, síbẹ̀ kì í wọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun tí wọ́n ń tà ní olówó pọ́ọ́kú ni kò lè bá a sáré.

Ọ̀rọ̀ update ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Lóṣù Kẹsàn-án 2025, Apple gbé iOS 26 jáde, ìyẹn ètò tó ń darí iPhone. iPhone XR, ti ọdún 2018, kò rí i gbà. 11 rí i gbà. Oore ni, torí fóònù tó ti tó ọdún mẹ́fà nígbà náà ṣì rí àtúnṣe gbà láti ilé. Àmọ́ ìkìlọ̀ náà ni: àwọn tó jáde lọ́dún 2019 ló ti wá di àgbà jù lórí ìlà báyìí, bí wọ́n bá sì tún fẹ́ gé ìlà, ẹ mọ ibi tí ọ̀bẹ máa bọ́ sí. Lóṣù Karùn-ún 2025, WhatsApp ṣíwọ́ lórí iPhone tí iOS rẹ̀ kò tó 15.1, ni àwọn oní-iPhone 6 bá ń gbé e wá pé kí n "bá wọn wo ohun tó ṣe é". Kò sóhun tó ṣe é. Ọjọ́ orí ni.

Ohun kan tí èmi aláṣe mọ̀, tí ọlọ́jà kì í sábà sọ: ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ nígboro. Ojú, bátìrì, gíláàsì ẹ̀yìn, bí kò bá sí ní Òmídà tàbí Sápọ́n, ó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Fóònù kan wà tó jẹ́ pé bí ojú rẹ̀ bá fọ́, ẹ máa dúró títí tí ẹni kan á fi bá yín wá a rí. 11 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á lọ́la, ẹ máa rí ẹni rà á kíákíá.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Galaxy A15 ni mo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí àwọn méjèèjì ló sábà máa ń dá àwọn oníbàárà mi lọ́kàn rú: tòkunbọ̀ olórúkọ lọ́wọ́ kan, Samsung tuntun inú páálí lọ́wọ́ kejì. Oṣù Kejìlá 2023 ni A15 jáde.

Bátìrì iPhone 11 jẹ́ 3,110 mAh. Ti A15 jẹ́ 5,000. iPhone kì í jẹ iná ní ìjẹkújẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì tuntun ni mò ń sọ yẹn, èyí tí ẹ máa rà kì í ṣe tuntun. Bí ẹ bá ń gbé ní àdúgbò tí iná ọba ti ń ṣe bó ṣe wù ú, ẹ ka owó power bank mọ́ owó fóònù. Ṣájà náà ńkọ́? Ó lè gba iná dé ìdajì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí ẹ bá fi ṣájà 18W sókè kì í, ṣùgbọ́n ṣájà 5W kékeré ni wọ́n kó mọ́ ọn nígbà tó jáde, èyí tí ọlọ́jà sì máa ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má bèèrè irú èyí tó jẹ́. Ẹnu Lightning ló ní. USB-C tó wà lára fóònù gbogbo ará ilé kò ní wọ̀ ọ́, ọdún 2023 ni Apple ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé USB-C sí iPhone.

Ti SIM ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ààyè SIM kan ṣoṣo ló ní, èkejì jẹ́ eSIM, ìyẹn SIM tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ láìsí káàdì. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM, nítorí náà kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà. Àmọ́ kò ṣeé yọ lọ́wọ́ fi sínú fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ẹ ń gbé lọ sí oko nígbà tí bátìrì bá kú. iPhone 11 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ A2223, èyí tí wọ́n ṣe fún Ṣáínà, Hong Kong àti Macao, ń gba SIM méjì tí a lè fọwọ́ mú. Bí ẹ bá rí i, tó sì mọ́, ìyá àdìrẹ àti oníṣòwò gbogbo, ẹ má jẹ́ kó lọ.

Kò gba mẹ́mórì káàdì. 64GB ló kéré jù, ó sì tètè kún, àgàgà fún ẹni tí ẹgbẹ́ WhatsApp rẹ̀ pọ̀. Èmi á kúkú ra 128GB tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ ju 64GB tí bátìrì rẹ̀ le lọ. Bátìrì, mo lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó mu gàárì tán. Ààyè inú rẹ̀, kò sóhun tí mo lè fi kún un lórí tábìlì mi.

Ojú rẹ̀ jẹ́ LCD ínṣì 6.1, píksẹ́lì 1792 lọ́nà 828. Ti A15 jẹ́ AMOLED ínṣì 6.5, 2340 lọ́nà 1080. Bí mo bá tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, dúdú ti A15 dú, dúdú ti 11 dà bí eérú díẹ̀. Ẹni tó ń wo fíìmù á mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń tà ń rà kò ní mọ̀.

Ooru ńkọ́? Apple fúnra wọn ní kí a máa lò ó níbi tí ooru kò ju 35°C lọ. Ẹ ronú Abẹ́òkúta lóṣù Kẹta, ní agogo méjì ọ̀sán, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò. Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, kò ní gba iná mọ́, fíláàṣì kámẹ́rà á kọ̀ láti tàn. Kò bàjẹ́, ààbò ara rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín bá wà nínú oòrùn, ìyẹn kò ran yín lọ́wọ́.

Kò ní 5G. Kò ní ihò earpiece. Ẹ kò lè fi Bluetooth ta orin látinú rẹ̀ sí Tecno ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Android, ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ tọ́jú sí Google Drive kò ní ṣí lórí iPhone. Àfi kí ẹ fi app Move to iOS kó o wọlé nígbà tí ẹ bá ń ṣí fóònù náà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí Android yẹn sì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà ẹ má tíì ta ti àtijọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ra tuntun.

Kí n má gbàgbé A15: fídíò rẹ̀ kò kọjá 1080p, kò yára bí 11, èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB sì máa ń wọ́ bí nǹkan bá pọ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ ó gba SIM méjì, ó gba mẹ́mórì káàdì, ó ní ihò earpiece, Samsung sì ṣèlérí ọdún márùn-ún àtúnṣe ààbò fún un. Ọlọ́kadà mi, òun nìyẹn.

Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà

Ibí lowó ti ń sọnù, ẹ fara balẹ̀.

Ọ̀sán ni kí ẹ lọ. Iná aláràbarà inú ṣọ́ọ̀bù máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ gbé fóònù náà jáde sí gbangba, ẹ ṣí ojú ewé tó funfun báláú, kí ẹ sì wò ó bóyá àbàwọ́n tàbí ilà wà níbẹ̀. Ẹ tẹ àmì app kan mọ́lẹ̀ títí tí gbogbo wọn á fi máa gbọ̀n, kí ẹ wá fà á ká gbogbo ojú fóònù láti igun dé igun. Ibi tó bá ti já mọ́ yín lọ́wọ́, ojú ti kú níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọlọ́jà pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ níṣojú yín títí tí Hello á fi jáde. Ẹ fi ímeèlì tiyín ṣí i pẹ̀lú dátà tiyín. Bó bá ń bèèrè ímeèlì ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ má gba "màá bá yín yọ ọ́ lálẹ́". Fóònù tí wọ́n ṣe bypass fún, tí wọ́n fọgbọ́n fo ìbéèrè ímeèlì yẹn kọjá, lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó sì kú mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá pa á rẹ́ tàbí tí ẹ bá ṣe update.

Ẹ wọ Settings, General, About. Bí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Model Number bá jẹ́ M, bó ṣe jáde tuntun ni wọ́n ṣe tà á. Bó bá jẹ́ F, wọ́n ti tún un ṣe rí kí wọ́n tó tún un tà. N ni èyí tí wọ́n fi dípò fún ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́. Ẹ tún wo ìparí rẹ̀: LL/A wá láti Amẹ́ríkà, B/A wá láti Ìlú Ọba. Ẹ̀rín máa ń pa mí níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pariwo pé "UK ni, UK ni" kò fẹsẹ̀ tẹ Ìlú Ọba rí. Kì í ṣe àléébù lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ irú ẹnu tí ọlọ́jà ní. Ti Amẹ́ríkà sì máa ń wà ní títì mọ́ ilé iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ wo ìlà Carrier Lock. "No SIM restrictions" ni kí ẹ rí, kò sí òmíràn. Bí wọ́n bá fi chip pẹlẹbẹ kan sábẹ́ SIM kó tó gbà á, ẹ fi sílẹ̀.

Nínú About yẹn náà, bí ẹ bá rí Parts and Service History, wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan níbẹ̀. Unknown Part sábà máa ń túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n fi rọ́pò kì í ṣe ti Apple, tàbí pé ara iPhone mìíràn ni wọ́n ti tú u, tàbí pé kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìyẹn nìkan kò yẹ kó lé yín sá. Mo ti fi ojú tí kì í ṣe ti Apple sí ọ̀pọ̀ fóònù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ohun tó yẹ ni kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Àṣírí kan rèé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bínú sí mi: bí True Tone, tó ń mú àwọ̀ ojú fóònù bá ìmọ́lẹ̀ àyíká mu, kò bá sí nínú Display, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yí ojú náà. Ṣùgbọ́n bó bá wà, kò fi hàn pé wọn ò yí i, torí a ní ẹ̀rọ tó ń kó àmì inú ojú àtijọ́ sórí tuntun.

Bátìrì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Apple sọ pé ó yẹ kí bátìrì 11 ṣì ní 80% agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun lẹ́yìn tó bá ti gba iná kún ní odidi ìgbà 500. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà láìbèèrè bí mo bá rí 100% ní Battery Health, ibi tí agbára bátìrì tó ṣẹ́ kù ti ń hàn, lára fóònù tí wọ́n ṣe jáde láti 2019. Bóyá wọ́n pààrọ̀ bátìrì, bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ gbé nọ́ńbà náà sókè, torí nọ́ńbà ṣeé gbé sókè. Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan. Ẹ tan kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kó máa gba fídíò 4K fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ẹ ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Bí iná inú rẹ̀ bá já wálẹ̀ gbì, tàbí tó gbóná débi tí kò ṣeé dì mú, ẹ ti rí òótọ́.

Ẹ forúkọ ojú yín sílẹ̀ nínú Face ID. Bó bá kọ̀, ẹ má gbà pé "update ló máa tún un ṣe". 11 kò ní ibi ìtẹ̀ka, iṣẹ́ títún Face ID ṣe sì le, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í tilẹ̀ gbà á. Ẹ fa ààyè SIM jáde, IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, wà lára rẹ̀ wínníwínní. Ẹ fi wé èyí tó jáde nígbà tí ẹ bá tẹ *#06#. Ẹ tan iná sínú ihò SIM náà: àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń pọ́n bí omi bá ti kàn án. Ẹ gbàgbé pé Apple sọ pé ó lè wà nínú omi mítà 2 fún ìṣẹ́jú 30. Bí wọ́n bá ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fọkàn tán gọ́ọ̀mù tó dí i mọ́.

Èyí tó kù yára: ẹ fi SIM yín pe ènìyàn, ẹ gbọ́ ọ, kó gbọ́ yín. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ gba fídíò níwájú àti lẹ́yìn, torí máìkì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ fi wáyà tiyín kì í níná, kí ẹ sì mì í díẹ̀.

Owó

N kò ní kọ iye kankan síbí, torí kí ẹ tó kà á tán dọ́là á ti yí i padà. Bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: iye tí ọlọ́jà pè, ẹ fi owó ṣájà gidi kún un, páọ̀ṣì, gíláàsì ojú, àti owó bátìrì bí ti inú rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 80. Àròpọ̀ yẹn ni ẹ máa fi wé Samsung tuntun inú páálí, kì í ṣe iye tó jáde lẹ́nu ọlọ́jà. Àìmọye ìgbà ni 11 tó dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú ti kọjá A15 lórí ìṣirò yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ ná an, ẹ má sọ pé "ó wọ́n". Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Ẹ wo Parts and Service yìí, ojú ti yí. Ẹ wo bátìrì, 82. Ẹ bá mi yọ owó bátìrì kúrò." Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ á dákẹ́ díẹ̀, á sì yọ ọ́. Èyí tó bá ń bínú torí pé ẹ wò ó dáadáa, ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀ kò jìnnà.

Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, IMEI àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sí. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ fowó ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ti "àbúrò mi". Bí fóònù náà bá jẹ́ ti olè, tí ọlọ́pàá sì tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ìwé yẹn ni ẹnu yín. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tan Find My, tó lè bá yín wá fóònù náà bó bá sọnù, ẹ ya fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé, kí ẹ wá fi bébà rẹ̀ pa mọ́ síbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ àti ìwé mọ́tò sí.